Bàbá Kòríbẹ́ẹ̀ àti Òjò Oṣù Kìíní

Ọjọ́ tí wọ́n ń sin Adéníyì ni òkìkí Bàbá Ebenezer Akínpẹ̀lú kan gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́. Pásítọ̀ ń ka ìtàn ìgbésí ayé olóògbé lọ, ó ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, ni bàbá bá na ọwọ́ sókè lórí bẹ́ǹṣì iwájú bí ọmọ iléèwé.

"Pásítọ̀, ẹ má bínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni. Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi jù ú lọ, èmi sì ti pé ọgọ́rin."

Kí pásítọ̀ tó lanu, Kareem télọ̀, Mùsùlùmí tó wá jókòó sẹ́yìn nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú, ti dìde. "Ebenezer, irọ́ lò ń pa! Ìwọ gan-an ò tíì pé ọgọ́rin!"

Bí àwọn méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún nìyẹn, láti ọdún tí eéṣú bo oko títí dé ọdún tí wọ́n yí owó padà sí náírà. Òkú dúró fún ogójì ìṣẹ́jú. Opó ló parí ẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sin ín ná. Tí ẹ bá ti fẹnu kò, a óò kọ ọ́ sójú sàréè." Wọn ò fẹnu kò. Títí di òní, kò sí ọdún ìbí lójú sàréè Adéníyì.

Tíṣà jọ́gíráfì ni bàbá kó tó fẹ̀yìntì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ládùúgbò Under G, tí wọ́n ń kó ṣòkòtò wá gé lọ́dọ̀ Kareem, ló sọ ọ́ ní Bàbá Kòríbẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ohun tí èèyàn lè sọ níwájú ṣọ́ọ̀bù náà tí kò ní ta kò. Bí o bá ní oòrùn mú, á ní ooru ló mú, oòrùn kọ́. Láràárọ̀ ló ń débẹ̀, kì í sì í kúrò títí Kareem á fi dìde láti lọ kírun Àsárì.

Ìgbà kan wà tí wọ́n jiyàn lórí iye afárá tó wà láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìkòyí-Ilé. Bàbá ní méje, Kareem ní márùn-ún. Ọ̀kadà méjì ni wọ́n gùn lọ kà á, torí ìkannú ò jẹ́ kí wọ́n lè jókòó pọ̀. Mẹ́fà ni wọ́n bá. Dorcas, ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá bí, rò pé ìjà ti parí. "Parí kẹ̀?" ni Kareem wí. "Ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe afárá, gọ́tà ni." Bàbá ní ọ̀kan ti wó. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi jiyàn lórí ohun tó ń jẹ́ afárá.

Lẹ́yìn tí ìyá Dorcas kú ni nǹkan yí padà. Bàbá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ilẹ̀ ló sì wà títí aládùúgbò fi rí i. Ẹ̀rù ba Dorcas. Ọ̀yọ́ ló ń gbé, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbẹ̀ ló ti ń kọ́ni, ló bá kó bàbá rẹ̀ wá sọ́dọ̀. Kò sí ohun tí kò ṣe fún un: yàrá tó dákẹ́, àga tó rọ̀, tẹlifíṣọ̀n ńlá, ẹja tútù lójoojúmọ́. Gbogbo àdúgbò ló ń dọ̀bálẹ̀ kí i.

Níbẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, bàbá pe Olúwaṣògo, ayálégbé Dorcas. "Ṣé o mọ̀ pé odò Ọya ló ń ṣàn lẹ́yìn ilé yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó sì ń ṣàn gun òkè."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ẹ ṣeun, sà." Wọ́n kọ́ ọmọ náà nílé, kò lè pe àgbà ní onírọ́.

Bàbá wọlé tọ Dorcas lọ tìbànújẹ́tìbànújẹ́. "Wá dókítà fún ọmọkùnrin yẹn. Opọlọ rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀." Dorcas rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ máa fi dé, opọlọ bàbá fúnra rẹ̀ ló ń daṣẹ́ sílẹ̀. Á jókòó láti àárọ̀ di alẹ́ láìsọ̀rọ̀. Wọ́n bá rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n nínú fìríìjì. Ó ń pe Dorcas ní Oyèrónkẹ́, orúkọ ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó tún sọ fún Olúwaṣògo pé òkun wà ní Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò fi dán an wò, ó gbà á gbọ́ ni. Dorcas lọ sunkún ní kíṣìnnì. Ó rí i pé bàbá òun ń lọ mọ́ òun lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ orí àga ló ṣì jókòó sí.

Dókítà obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò kọ oògùn díẹ̀, ó wá béèrè pé, "Ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nílé?"

"Gbogbo èèyàn ló ń bọ̀wọ̀ fún wọn, dókítà."

"Mi ò béèrè ọ̀wọ̀, mà. Ọ̀rọ̀ ni mo béèrè. Opọlọ àgbà ń fẹ́ ẹni tí yóò máa fún un níṣẹ́ ṣe. Mi ò sọ pé ìyẹn á wo àìsàn yìí sàn o. Ṣùgbọ́n ẹ wá àwọn ọ̀rẹ́ wọn rí."

Ní Sátidé, Dorcas wa bàbá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kareem nìkan ló jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù, òun náà ti rù. Kò kí wọn káàbọ̀. "Ebenezer, o dé? Afárá márùn-ún ni."

Bàbá wò ó. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹnu bàbá tó là. "Kò rí bẹ́ẹ̀."

Ó lé lọ́dún kan tí wọ́n fi ń lọ ní gbogbo Sátidé. Bàbá ò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti Sátidé títí di ọjọ́ Ajé, ó mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Bó bá ti di Ọjọ́rú, ó tún ti gbàgbé.

Ìgbà tó yá ni Kareem kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Dorcas sọ ọ́ fún bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sunkún ọ̀tun. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ pátá. Ta ló kù láyé tó lè ta kò ó?

Ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá ṣàdédé sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. "Òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí a bí ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ti dé ètè Dorcas, ó gbé e mì. Láti ìgbà tó ti dáyé, kò ta ko bàbá rẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ ì bá gbá a lẹ́nu.

"Irọ́ ni, bàbá. Oṣù kìíní ni wọ́n bí mi. Òjò wo ló ń rọ̀ nínú ọyẹ́?" Díẹ̀ ló kù kó kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì.

Bàbá nàró lórí àga. "Kò rí bẹ́ẹ̀! Mo bọ́ kóòtù mi, mo fi bò ọ́ láti ọsibítù délé! Ta ló sọ fún ọ pé òjò ò rọ̀?" Ojú rẹ̀ là kedere. Ọbẹ̀ tutù sórí tábìlì, wọn ò sì dá iyàn dúró.

Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi jiyàn lórí òjò náà. Dorcas mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí wá, bàbá ní akọ̀wé tó kọ ọ́ ti mutí yó. Láwọn ọjọ́ tí kò mọ̀ ọ́n mọ́, yóò máa sọ fún un pé òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ òun obìnrin. "Irọ́ ni," ni Dorcas á wí, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni bàbá sùn tí kò jí mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Dorcas fi ọ̀rọ̀ òjò náà ṣe ẹ̀fẹ̀ fún àǹtí rẹ̀, Ìyábọ̀, àbúrò ìyá rẹ̀. Ìyábọ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Òjò rọ̀ o, Dorcas. Ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ọyẹ́ ọdún yẹn, kò sẹ́ni tó retí ẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ lẹ̀ mọ́ ọn lára nígbà tó wọlé, ó ń gbọ̀n. Ìwọ nìkan lo gbẹ."

Dorcas fi ọwọ́ bo ojú. Ó dùn ún wọra pé kò sí ẹni tí òun máa lọ bá, kí òun sọ pé, bàbá, ẹ̀yin lẹ jàre. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ó dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, sà" lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kì bá tí gbọ́ nípa kóòtù náà láyé.