Òjá Tí Mo Tú

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ tó ń rìn nínú ara alààyè. Àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe nígbà náà ní àdúgbò Bépanda, nílùú tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ilé ìwòsàn kan sì pè mí pé ojú ẹ̀rọ wọn ń ṣẹ́jú. Bí mo ṣe tún un ṣe tán, àwòrán kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú rẹ̀. Oògùn tó ń fi ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ hàn ń ṣàn wọ ìbàdí ọkùnrin kan, ó ń pẹ̀ka bí odò, títí ó fi dé ibi kan tó ti ń jò bí èéfín. Okùn rọ́bà oníhò kan, tí kò nípọn ju mìlímítà méjì lọ, yọ́ dé ibẹ̀, ó sì fi wáyà kékeré tó ká kò dí ihò náà. Èéfín dáwọ́ dúró. Mo gbàgbé àpò irinṣẹ́ mi síbẹ̀ lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kàwé kiri. Mo há orúkọ gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀ ìbàdí sórí lédè Faransé. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ jókòó ti obìnrin tó ń ya rédíò, ìyẹn fọ́tò egungun, nílé ìwòsàn náà. Níbi ìpàdé àwa ọmọ Yorùbá, wọ́n ń pè mí ní Dókítà Aláwòrán. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi mí ṣe. Èmi gbà á bí oyè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ àjàgbé tó ń jáde láti ìdí ọkọ̀ ojú omi kọlu ọmọ Ìyá aláṣọ kan nínú ìpàdé wa lórí ọ̀kadà. Faransé ìyá náà kò kọjá ìnájà, nítorí náà ó pè mí láti wá ṣe ògbufọ̀. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn náà, ọmọ náà wà lórí ibùsùn lẹ́nu ọ̀nà yàrá rédíò. Ìyá ti fi òjá tuntun kan láti inú ọjà rẹ̀ di ìbàdí ọmọ rẹ̀ pinpin, kì í ṣe níkùn, bí kò ṣe níbi tí orí egungun itan méjèèjì ti yọ.

“Ìyá, ẹ jẹ́ ká tú u. Kókó yìí á ba fọ́tò jẹ́.”

“Fi í sílẹ̀! Ìgbà tí mo dì í ló tó dákẹ́ igbe.”

“Ẹ má dà mí láàmú, Ìyá. Iṣẹ́ mi nìyí.”

Iṣẹ́ mi kọ́. Mo tú u.

Fọ́tò tí obìnrin rédíò yà mọ́ gaara. Mo ń ka iye sẹ̀ǹtímítà tí egungun ìbàdí rẹ̀ fi ṣí níwájú lọ́wọ́ nígbà tí dókítà wọlé, tó rí i pé ètè ọmọ náà ti funfun, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti já wálẹ̀. Ó rí òjá nílẹ̀. Ó kọjú sí Ìyá, ó fi Faransé jágbe mọ́ ọn: ta ló ní kó tú ohun tó ń dá ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ dúró? Ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo nílò: èmi ni, dókítà. Dípò rẹ̀, mo yíjú sí Ìyá, mo ní, “Dókítà ní kí ẹ fọkàn balẹ̀.” Mo tún yíjú sí dókítà, mo ní ó ti gbọ́, ó ń tọrọ àforíjì.

Wọ́n tún òjá náà dì, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n sì gbé e lọ sí sikánà, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, tó fi ojú ibi tó ń jò hàn wọ́n. Dókítà gba ibi tí itan ti pàdé ikùn wọlé pẹ̀lú okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ó dí ihò náà. Ohun tí mo ti ń lá lálàá láti rí lójúkojú rèé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo dúró sí, mo dorí kodò. Ọmọ náà yè. Lẹ́yìn náà ni mo kà á pé aṣọ òwú kì í fi bẹ́ẹ̀ ní òjìji nínú rédíò. Inú ìwé tèmi gan-an ló wà. Ojú ewé tí kò ní àwòrán ni, mo sì ti ṣí i kọjá.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi ò lè gbé tèmi ju oṣù mẹ́ta lọ. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá, mo sọ ohun tí dókítà wí àti ohun tí mo fi rọ́pò rẹ̀. Ìyá kò dáwọ́ aṣọ kíká dúró.

“Mo mọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìbáwí ò nílò ògbufọ̀.”

“Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ nǹkan kan?”

“Ọmọ mi ló wà nílẹ̀. Ká ní mo bá ọ jà, ta ni ì bá máa túmọ̀ fún mi?”

Mo jẹ́wọ́ fún dókítà náà. Ó ránṣẹ́ pe Ìyá kó lè bẹ̀ ẹ́. Ògbufọ̀ mìíràn ni wọ́n wá.

Títí di òní, bí mo bá rí òjá lẹ́yìn abiyamọ, ojú ń tì mí. Ní ọjọ́ Àìkú, èmi àti Ìyá máa ń kọ́ àwọn ọlọ́kadà ní agbègbè Japoma bí wọ́n ṣe lè di ìbàdí ẹni tí ọkọ̀ kọlù. Ọmọ rẹ̀, tó ń tiro díẹ̀, ló máa ń dùbúlẹ̀ fún wa. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ìyá mú aago dání, mo di ìbàdí ọmọ náà. Ìyá tẹ kókó náà wò.

“Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlélógún. Ó le dáadáa. Ó yá, kúrò nídìí rẹ̀, kí ọwọ́ má tún máa yún ọ.”