Sítáǹdì Tó Gba Ẹsẹ̀ Mummy Roseline

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Mummy Roseline gbé àpótí ìjókòó wọ ọjà Ọwọ́dé. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tà á o. Ó ní kí oníkẹ̀kẹ́ Marúwá tó gbé e wá bá òun gbé e kalẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù Taofeek, ẹni tó ń ta gìtá, sípíkà àti kíbọ́ọ̀dù. Ó jókòó lé e, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún gbọọrọ dí ẹnu ọ̀nà, àwọn èrò ọjà sì ń yà fún un.

"Ẹ káàárọ̀ o, Mummy. Ṣé ẹ̀ ń retí ẹnìkan ni?"

"Ìwọ ni mò ń retí. Kó gbogbo sítáǹdì kíbọ́ọ̀dù tó o ní jáde. Mo fẹ́ jókòó tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

Taofeek wo àpótí, ó wo ẹsẹ̀ tó dí i lọ́nà. Àwọn èèyàn a máa wá tẹ kíbọ́ọ̀dù wò lọ́dọ̀ rẹ̀, wọn a sì máa ta okùn gìtá wò. Kò tíì rí ẹni tó gbé ìjókòó láti ilé wá dán sítáǹdì wò rí.

"Mummy, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn."

"Bó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, kí ló dé tó o fi ń ta oríṣi mẹ́ta?"

Taofeek wọlé lọ kó wọn.

Ẹ má bínú sí Mummy Roseline. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ lé kúrò nídìí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ń tẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kì í ní sùúrù fún oníṣọ́ọ̀bù. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìjàgbò ló sì ti ṣe é parí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé àdúgbò rẹ̀ ní Ọ̀fà tí ẹ ní ẹ ń wá Tíṣà Roseline, ẹ ó rìn títí. Ẹ ní ẹ ń wá Mummy Onídùùrù, ọmọdé á mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Baba Jacob Adétóyè, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Baba Onídùùrù, ló kọ́ ọ. Dùùrù àtijọ́ ni wọ́n ń lò nígbà náà, èyí tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ nísàlẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀ kó tó dún. Baba á jókòó sórí àpótí kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lọ á máa bọ̀, Roseline á jókòó tì í. Nígbà tí Baba kú, ó jogún iṣẹ́, ó jogún àpótí náà pẹ̀lú. Ìdí èèyàn méjì ti ha á títí ó fi ń dán.

Ní ọdún tó ṣáájú èyí tó fẹ̀yìn tì, ọ̀kadà gbé e ṣubú lójú ọ̀nà Ìjàgbò. Wọ́n to eegun rẹ̀, ó sì ń rìn, ṣùgbọ́n orúnkún ọ̀tún kọ̀, kò ká mọ́. Bó bá jókòó, àfi kó na ẹsẹ̀ náà síwájú. Bó bá dúró ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ìrora á gùn ún dé ìbàdí. Dùùrù àtijọ́ ti bàjẹ́ nígbà náà, kíbọ́ọ̀dù ni ìjọ ń lò, wọ́n sì gbé e lé tábìlì ilé ìwé kan tí kò ga. Mummy ń na ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó ń tẹ dùùrù rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bá a wí.

Àfìgbà tí ọ̀rọ̀ Ayọ̀kúnnúmi dé. Àbígbẹ̀yìn Baba Onídùùrù ni, ọmọ ọdún mẹ́ta péré ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó sì ti di ẹni ńlá ní Abuja báyìí. Ó fẹ́ ṣe ohun ìrántí fún bàbá rẹ̀, ó sì ní kí jórinjórin kan ṣe sítáǹdì fún ìjọ. Irin rẹ̀ nípọn, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kùn ún, wọ́n sì jó o pa sójú kan, kò ṣeé gbé sókè, kò ṣeé rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n de pátákó idẹ kékeré mọ́ ọn níwájú: ÌRÁNTÍ BABA JACOB ADÉTÓYÈ, ONÍDÙÙRÙ. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n gbé kíbọ́ọ̀dù lé e, ó dé àyà Mummy lórí ìdúró. Bó bá jókòó, iwájú orí rẹ̀ ló bá a dọ́gba.

Baba Wọ́dìn, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń bójú tó nǹkan ìjọ, ló wá bá a sọ ọ́.

"Mummy, ẹ ti gbìyànjú. Sunday tó ń bọ̀ la máa ya sítáǹdì yẹn sí mímọ́, Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀kúnnúmi fúnra wọn ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí Hadassah máa dúró tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ẹ sinmi."

"Ta ló ní ó rẹ̀ mí?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Mummy. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó ń fúnni ló ń wà lókè."

"Kí ọwọ́ wọn wà lókè. Dùùrù ni mo ní kó wá sílẹ̀."

Wọ́dìn rẹ́rìn-ín, ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Hadassah, ọmọbìnrin tí Mummy fúnra rẹ̀ kọ́ ní dùùrù, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó wá sílé wá kúnlẹ̀, ó ní òun ò ní tẹ̀ ẹ́ bí Mummy ò bá ní kí òun tẹ̀ ẹ́. Mummy ní, "Dìde. Ọjọ́ tó bá yá, èmi náà ni màá fà á lé ẹ lọ́wọ́. Irin kọ́ ló máa gbà á lọ́wọ́ mi." Inú ń bí i gan-an ni. Ọmọ Ọ̀fà sì ni, ìjàkadì lorò wọn, ẹsẹ̀ kan tó gan kò ní kó má wọ̀yá ìjà.

Ohun tó gbé e dé ọjà nìyẹn.

Taofeek kọ́kọ́ gbé èyí tí irin méjì gba ara wọn kọjá, bí àmì ìsọdipúpọ̀ tí Mummy fi kọ́ ọmọ lóríṣiríṣi. Ó tú kókó tó dè é pa, ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ló ń ya ẹsẹ̀. Mummy na ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó lọ gbá ibi tí irin méjèèjì ti pàdé, gbàù.

"Kò gbà mí."

"Ẹ ká ẹsẹ̀ díẹ̀, Mummy."

"Bó bá ṣeé ká ni, ṣé èmi á wà níbí?"

Èkejì jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan tó gbára lé ìpìlẹ̀ ẹlẹ́ka mẹ́ta, irú èyí tí àwọn DJ ń gbé kọ̀ǹpútà lé. Àyè wà fún ẹsẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ dáadáa. Mummy fi ìgúnpá méjèèjì tẹ̀ ẹ́ lórí, ó mì bíi ẹni tó mu ẹmu.

"Èyí á jó kí ìjọ tó jó. Gbé e kúrò."

Ìkẹta ṣì wà nínú páálí. Taofeek kò fẹ́ tú u, ó ní ó wọ́n, ó ní bí òun bá tú u tán tí Mummy ò rà á ńkọ́? Mummy kò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Oníbàárà méjì ti yí padà. Taofeek tú páálí. Ẹsẹ̀ sítáǹdì yìí wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì, ó ṣẹ́ kọrọ sẹ́yìn, àárín rẹ̀ sì ṣófo pátápátá. Ihò tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, èèyàn á fa irin inú rẹ̀ dé ihò tó bá wù ú, á sì fi kókó dè é pa. Taofeek rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé ihò kẹta, ó gbé kíbọ́ọ̀dù lé e. Mummy na ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kọjá, kò kan irin kankan. Ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì lù ú, sítáǹdì náà kò mì. Ojú rẹ̀ rọ̀.

"Ó yá, fà á lọ sókè. Dé ìparí."

"Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ dúró ni?"

"Hadassah ga. Lọ́jọ́ tí mo bá kúrò níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ dúró á dúró, ẹni tó fẹ́ jókòó á jókòó. Ohun tí wọn ò rò nìyẹn."

Taofeek mú téèpù pupa, ó fi sàmì sí ihò kẹta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí Mummy má bàa ṣì í.

Lọ́jọ́ Sunday, Mummy Roseline ti dé kí agogo àkọ́kọ́ tó lù. Ó ti sọ kíbọ́ọ̀dù kalẹ̀ lórí irin oníwúrà, ó ti gbé e lé èyí tó rà, ó ti jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni Wọ́dìn àti Ayọ̀kúnnúmi bá a. Ayọ̀kúnnúmi dọ̀bálẹ̀ kí i, fọ́tò ńlá kan tí wọ́n fi gíláàsì bò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́dìn ní, "Mummy! Ẹ̀ ń dójú tì wá o. Lójú ọmọ olóore!"

Mummy kò wo Wọ́dìn. Fọ́tò ló ń wò. Baba Jacob wà nínú rẹ̀, ó dúró ṣánṣán nínú kóòtù, ó gbọ́wọ́ lé orí dùùrù.

"Ayọ̀kúnnúmi, kí lo fi wọn gíga irin yìí?"

"Fọ́tò yìí ni, Mummy. Òun nìkan ni mo ní. Ibi tí ọwọ́ Bàbá dé ni mo ní kí jórinjórin wọ̀n."

"Onífọ́tò ló ní kó dìde! Mo wà níbẹ̀." Ohùn Mummy gba inú ṣọ́ọ̀ṣì. "Bàbá ẹ ò dúró tẹ dùùrù rí láyé ẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi ń fún un ní èémí. Bó bá dìde, dùùrù á dákẹ́. Ká ní Bàbá ẹ jí lónìí, kò ní lè lo irin tó o fi ń ṣèrántí rẹ̀ yìí."

"Mummy, ẹ rọra," ni Wọ́dìn wí.

"Mi ò rọra. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Mo mọ̀ pé ọmọ yìí ò mọ̀ ni, kò sí ẹni tó sọ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ̀, Wọ́dìn. Ẹ ti bá Baba kọrin rí." Ó wá yíjú sí Ayọ̀kúnnúmi. "Àpótí Bàbá ẹ ni mo jókòó lé. Mi ò ní dìde lórí ẹ̀. Bó o bá fẹ́ kí n kúrò, ìwọ ni kó o gbé mi."

Agogo lù. Ẹnikẹ́ni kò gbé e. Àwọn akọrin ti tò sẹ́nu ọ̀nà, Mummy na ẹsẹ̀ sábẹ́ sítáǹdì, ó tẹ dùùrù, wọ́n sì wọlé.

Nígbà tó tó àkókò ìyàsímímọ́, Ayọ̀kúnnúmi lọ sọ nǹkan sétí Fíkà, àlùfáà ìjọ, wọ́n sì fò ó kọjá. Nígbà tí ìsìn parí tí èrò ń tú ká, ó yá ohun ìtúkókó lọ́wọ́ ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó tú pátákó idẹ lára irin oníwúrà, ó sì mú un wá bá Mummy. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mummy, ṣé kí n dè é mọ́ sítáǹdì yín?"

Mummy ní rárá, èyí á máa lọ sókè, á máa wá sílẹ̀, bí ẹni tó ń lò ó bá ṣe fẹ́. Ó wá gbé ọwọ́ lé ejìká ọmọ náà, ó dìde díẹ̀díẹ̀, àpótí sì ṣófo fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

"Ibí ni kó o kàn án mọ́. Ibí ni Bàbá ẹ wà."