Lọ́ńdọ̀nù tí Mo Bá Bàbá Mi Wò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ fún yín. Gbogbo ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni mo máa ń dá a dúró lágbedeméjì. Lónìí, mo fẹ́ sọ ọ́ tán. Ẹ bá mi fara balẹ̀.

Ọmọ Ṣómólú ni mí, àmọ́ Amẹ́ríkà ni mo dàgbà sí. Nígbà tí àwọn sójà ṣì wà lórí oyè ni àbúrò bàbá mi, Àǹtí Síkírá, rí físà Amẹ́ríkà gbà, tó sì mú mi dání. Mo ṣì kéré gan-an. Bàámi, Màámi àti ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, Bọ̀dá Lásísì, ló kù sílé.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Bàámi ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ṣómólú, ẹ mọ̀ pé tí èèyàn bá sọ òkúta sókè níbẹ̀, orí atẹ̀wé ló máa bà! Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ìsìnkú, kò sí èyí tí wọn kì í tẹ̀. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé, iṣẹ́ wá ya lù wọ́n. Pósítà olóṣèlú lọ́tùn-ún, pósítà olóṣèlú lósì.

Íńgílándì ni wọ́n ti ṣe maṣíìnì Bàámi. Orúkọ ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́ wà lára irin rẹ̀, ibẹ̀ ni ìfẹ́ ìlú òyìnbó ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn láti kékeré. Kò débẹ̀ rí o! Àmọ́ tó bá ń sọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, ẹ máa rò pé ibẹ̀ ló ti jẹun àná.

Ṣé ẹ wá rí i pé nígbà tí yunifásítì mi ní Amẹ́ríkà ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà họlidé ńlá, Bàámi fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kan àjà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìwé ọmọdé ni wọ́n rán mi lọ. Ọmọ atẹ̀wé lọ sídìí ìwé!

Nígbà yẹn, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà ni. Bọ̀dá Lásísì ní ọ̀kan, ó sì gbọ́dọ̀ gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí nẹ́tíwọ̀kì tó lè wọlé. Bàámi á máa pariwo sínú fóònù náà bí ẹni tó fẹ́ kí ohùn òun dé Amẹ́ríkà láìlo fóònù.

"Mòdí! O máa bá mi wò ó o! Gbogbo ohun tójú rẹ bá rí, kí o rò ó fún mi!"

Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni afárá kan wà níbẹ̀ tó máa ń là sí méjì kí ọkọ̀ ojú omi lè kọjá. Mo ní màá lọ wò ó. Mo tún ṣèlérí pé tí mo bá parí iṣẹ́ náà, màá gba Èkó kọjá wá kí wọn kí n tó padà sí Amẹ́ríkà. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, a ò tíì fojú kan ara wa. Ó ní òun máa kun pálọ̀ ní ọ̀dà tuntun dè mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: ayé Lọ́ńdọ̀nù yẹn sú mi láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Yàrá kan ni mo háyà lọ́dọ̀ ìyá Jàmáíkà kan tí kì í sọ̀rọ̀. Fèrèsé mi dojú kọ ògiri. Wọ́n ní ìgbà ooru nìyẹn, síbẹ̀ súwẹ́tà ni mò ń wọ̀ sùn! Tí mo bá fẹ́ sọdá títì, apá ibi tí ọkọ̀ ò gbà wá ni mo máa ń wò. Lẹ́ẹ̀kan, bọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi.

Ní ọ́fíìsì, mò ń po tíì, mò ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo sì ń wá àṣìṣe nínú ìwé tí wọn ò tíì tẹ̀. "Amẹ́ríkà" ni wọ́n ń pè mí. Tí mo bá ní ọmọ Èkó ni mí, wọ́n á ní ṣùgbọ́n mò ń sọ̀rọ̀ bí ará Amẹ́ríkà. Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Wọ́n ní ọmọ Áfíríkà ni mí. Níbo gan-an ni tèmi? Lọ́sàn-án, màá mú búrẹ́dì tútù mi lọ jókòó síta, èmi àtàwọn ẹyẹlé. Láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè, ẹnikẹ́ni ò ní pe orúkọ mi.

Sátidé nìkan ló ń gbé mi ró. Sátidé ni mo máa ń jáde lọ wo ìlú fún Bàámi, tí mo bá wò ó tán, màá ra káàdì ìpè, màá wọ inú àpótí tẹlifóònù pupa, màá pe ilé.

Sátidé àkọ́kọ́, mo lọ síbi afárá yẹn. Mo dúró títí, kò là. Nígbà tí mo sọ fún Bàámi, ẹ̀rín pa á. Ó ní áà, àṣé iná máa ń lọ lọ́dọ̀ tiwọn náà! Ó ní kí n padà lọ lọ́jọ́ mìíràn. Ó ṣàdúrà fún mi, ó ń pariwo, mò ń ṣàmín, títí káàdì fi tán.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìgbà ìkẹyìn tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nìyẹn.

Sátidé kejì, Bọ̀dá Lásísì ló gbé e. Ó ní Bàbá ń sùn. Lọ́sàn-án? Ó ní iṣẹ́ pósítà ló pọ̀ jù. Mo gbà.

Nígbà tí mo tún pè, ó ní ọ̀fun ń dun Bàbá, dókítà ní kó má sọ̀rọ̀ rárá. Màámi ńkọ́? Ó ti lọ sọ́jà. Ó ní, "Rò ó fún mi, màá rò ó fún wọn." Mo bá rò ó. Ó ní kí n dúró ná, ó tún padà sórí fóònù, ó ní Bàbá ní o ṣeun, wọ́n ní kí o lọ wo ààfin ọba.

Mo lọ sí ààfin ọba nínú òjò. Mo wo àwọn sójà onífìlà onírun yẹn, mo ya fọ́tò wọn, mo ya ẹṣin wọn. Ká sọ tòótọ́, kò wù mí láti wo ẹṣin! Ohun tó wà lọ́kàn mi ni bí màá ṣe sọ ọ́ ní Yorùbá tí Bàámi á fi rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní Bàbá ní kí n lọ wo ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Mo lọ. Ọ̀fun Bàbá ò tíì san. Màámi tún ti lọ sọ́jà. Mo pe Àǹtí Síkírá ní Amẹ́ríkà pé ọkàn mi ò balẹ̀. Ó ní kí n gbájú mọ́ iṣẹ́ mi, pé ọ̀fun kì í pa èèyàn. Àǹtí tó tọ́ mi dàgbà! Ta ni ò ní gbà á gbọ́?

Wọ́n tún wá ní Bàbá ní kí n wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé àlejò káàkiri lórí odò Tẹ́msì. Mo wọ̀ ọ́. Mo jókòó sẹ́yìn, mò ń ronú ohun tí màá sọ, ni mo bá gbọ́ ohùn kan.

"Mòdínátù! Mòdí ọmọ Bàbá atẹ̀wé!"

Ẹ wò ó, inú mi dùn débi pé mo kígbe. Ẹnì kan pe orúkọ mi! Àǹtí Bọ́sẹ̀ ni. Bàrígà ni wọ́n ti bí i, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja létí ọ̀sà ní àdúgbò àwọn Ìlàjẹ, òun ló sì máa ń dirun fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ní inú fọ́tò tí mo ń fi ránṣẹ́ sílé ni òun ti mọ ojú mi kí òun tó kúrò nílé. Ó ti wá ń gbé Lọ́ńdọ̀nù báyìí, ó mú arúgbó òyìnbó kan tó ń tọ́jú wá gba afẹ́fẹ́. A dì mọ́ra, a fò sókè bí ọmọdé.

Lójijì, ojú rẹ̀ yí padà. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ọwọ́ mi mú.

"Mòdí, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá."

Mo rẹ́rìn-ín! Mo bi í pé Bàbá wo nìyẹn.

Ó la ẹnu sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ bò ó. "Mòdí, wọn ò sọ fún ẹ?"

Ó ní ìyá òun ló sọ fún òun lórí fóònù. Bàámi ń ṣe àlùwàlá láàárọ̀ ni, ó ṣubú, kò dìde mọ́. Wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ náà gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa. Ìyá rẹ̀ wà níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ.

Orí odò ni a wà, ẹ̀yin èèyàn mi. Níbo ni mo fẹ́ sá lọ? Ọkọ̀ ò lè dúró. Ọkùnrin kan ń fi gbohùngbohùn ṣàlàyé ilé tó wà létí odò, ó ń dá àpárá, gbogbo àlejò ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí Bọ́sẹ̀ fi ara rẹ̀ bò mí kí wọ́n má bàa máa wò mí.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, mo pe ilé. Bọ̀dá Lásísì gbé e, ó bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, pé Bàbá ń kí mi.

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ dákẹ́. Mo ti gbọ́."

Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń bá mi ṣe bẹ́ẹ̀, pé ṣé ará ìta ni mí. Ó ń sunkún nígbà tó dáhùn.

"Mòdí, ká ní mo sọ fún ẹ, ta ni ì bá dì ẹ́ mú nínú yàrá yẹn?"

Kò sí ẹnì kan lóòótọ́.

Mo ní kó gbé fóònù fún Màámi. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé e fún un. Kò lọ sọ́jà kankan, inú tákábà ló wà, opó ni, kò jáde nílé láti ọjọ́ náà. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò lè purọ́ fún ẹ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbé e." A kàn ń sunkún títí káàdì fi tán.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo sọ fún ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì. Ó ní ó dun òun, ó po tíì fún mi. Nígbà tó di ọ̀sán, ó béèrè bóyá fọ́tòkọ́pì ti jáde. Mi ò bá a wí. Bí tiwọn ṣe rí nìyẹn.

Nígbà tí mo parí iṣẹ́ náà, tí mo padà dé Ṣómólú, ọ̀dà pálọ̀ ti gbẹ, ó funfun báláú. Àwọn tó wá kí wọn ti wá, wọ́n ti lọ. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pẹ̀lú ẹkún tuntun sínú ilé tí omi ojú ti gbẹ. Mo figbe ta ní ẹnu ọ̀nà, ìyá ilé kejì sì rọra mú mi wọlé, ó ní kí n má pe Ọlọ́run lẹ́jọ́ mọ́, pé ẹkún ti tó. Tiyín ló tó, Màmá. Tèmi ńkọ́?

Bọ̀dá Lásísì mú mi lọ síbi sàréè. Níbẹ̀ ni mo ti bi í: "Ààfin ọba yẹn, ṣé Bàbá ló ní kí n lọ?"

Ó mi orí. Ó ní Bàbá ti kú nígbà yẹn. Òun ló ń ro ibi tí mo lè lọ, torí òun mọ̀ pé tí mo bá jókòó sínú yàrá lójoojúmọ́, ìdààmú á pa mí. Ó ní tí mo bá ti rò ó tán, òun á lọ jókòó sídìí maṣíìnì, òun á rò ó fún un lóòótọ́, bí ẹni pé ó ń gbọ́.

Mo fẹ́ bínú sí i. Mo bínú sí i. Mo tún dì mọ́ ọn. Títí di òní, mi ò mọ èyí tó yẹ kí n ṣe nínú méjèèjì. Àǹtí Síkírá ní tirẹ̀ ti bẹ̀ mí títí, àmọ́ tó bá ní ilé dáa, mi ò gbà á gbọ́ mọ́.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ikú pamọ́ fún ẹni tó wà lókè òkun. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Àmọ́ nígbà tí gbogbo ilé wa ń sunkún pọ̀, fọ́tò ẹṣin ni mò ń yà. Èmi nìkan ni mo wá dá ẹkún náà sun lẹ́yìn, mi ò sì tíì sun ún tán.

Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, báwo ni ẹ ṣe gbọ́ tiyín? Ta ló túfọ̀ fún yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ jẹ́ ká jọ sun ún. Ẹ̀yin tí ẹ sì jìnnà sílé, ẹ pe ilé lónìí. Tí wọ́n bá ní ẹni tí ẹ ń béèrè ń sùn, ẹ ní kí wọ́n jí i.