Omi Inú Téèpù Àǹtí Mujeebah

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí Àǹtí Mujeebah ti ń tún kásẹ́ẹ̀tì ṣe ní Mushin. Wáàsí, ìsọmọlórúkọ, ohùn bàbá tó ti kú: irú ohun tí àwọn ènìyàn ń gbé wá nìyẹn. Téèpù tó bá ti gbó á máa lẹ̀ mọ́ra, rédíò á sì máa jẹ ẹ́. Mujeebah á tò ó sínú àpótí pákó tí gílóòbù ń tàn nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń sin òròmọdìyẹ, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kì í fi iṣẹ́ náà pamọ́. Ẹni tó gbé ohùn bàbá rẹ̀ wá kì í fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ, nítorí náà ó gbé bẹ́ǹṣì síwájú àpótí náà fún wọn.

Lọ́dún tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan kọ lẹ́tà sí i pé àwọn ti gba ìwé àṣẹ ìhùmọ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn lo ọgbọ́n tuntun tí èèyàn hù, lórí fífi ooru díẹ̀ lé omi jáde lára téèpù; kó jáwọ́ lójú ẹsẹ̀. Mujeebah fèsì láìfi nǹkan kan pamọ́: "Mi ò mọ nǹkan kan nípa omi. Ooru gílóòbù ni mo fi ń tún un ṣe." Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn.

Ní Yaba, níwájú Ìyáàfin Àràmídé, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tí wọ́n yàn láti là wọ́n níjà, Fẹ́yìsayọ̀, lọ́yà ilé iṣẹ́ náà, na lẹ́tà yẹn sókè.

"Ẹ gbọ́ ohun tí Àǹtí fọwọ́ ara wọn kọ, mà. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwa la ṣàwárí rẹ̀."

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Mujeebah wí, "ṣé ìyá rẹ mọ ohun tó ń mú ẹ̀wà rọ̀? Àbí líle lẹ jẹ ẹ́ nílé yín?"

Oyèníran, apẹja láti Ìwáyà, bú sẹ́rìn-ín. Òun ni ẹlẹ́rìí Mujeebah. Ó ní ọdún méjìlá sẹ́yìn lòun jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn látàárọ̀, tí òun ń wo kásẹ́ẹ̀tì bàbá òun nínú àpótí.

Adájọ́ ní kí wọ́n gbé àpótí náà wá. Òṣùwọ̀n ilé iṣẹ́ ọ̀hún gan-an ni wọ́n fi wọn téèpù kan kó tó wọnú àpótí, wọ́n sì tún un wọ̀n nígbà tó jáde. Ó ti fúyẹ́.

"Omi ti ń jáde nínú àpótí yìí kí ẹ tó gbàwé àṣẹ," ni Ìyáàfin Àràmídé sọ. "Bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, omi ò bi í léèrè. Ohun tí gbogbo ayé jókòó wò kì í ṣe tuntun. Ẹ yọwọ́."

Fẹ́yìsayọ̀ tẹ ìwé síwájú Mujeebah: kí kálukú máa lọ ní tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ mọ́.

Mujeebah ti bírò padà sí i. "Odindi ọdún kan lẹ fi pè mí lólè. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò jalè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kóòtù yá."

Lọ́yà wojú adájọ́, ṣùgbọ́n adájọ́ ò gbà á sílẹ̀. Fẹ́yìsayọ̀ fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó ń wá ibi tí àyè ṣẹ́ kù sí tó máa kọ ọ́ sí.