Sípíkà Tí Kò Ní Ẹ̀yìn

Káfíńtà tó wà lójú ọ̀nà Àdó, ẹni tó bá wa ṣe ilẹ̀kùn nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Ṣàngótẹ̀dó, yí pátákó méjèèjì síwá sẹ́yìn títí, ó wá wò mí lójú.

"Ọ̀gá, mo ti gé ihò tí ẹ ní kí n gé. Àpótí ẹ̀yìn rẹ̀ dà?"

"Kò ní àpótí."

"Ṣé bó ṣe máa wà ní ìhòòhò nìyẹn? Ọ̀gá, this one no be speaker o. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi plywood díẹ̀ bò ó, mi ò ní gba nǹkan kan lé e."

Inú bí mi. Inú kì í pẹ́ bí mi, kì í sì í pẹ́ rọ̀. Mo ní kó fi pátákó mi sílẹ̀ bó ṣe wà. Kì í kúkú ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Gbogbo sípíkà tí ojú wa mọ̀ nílùú yìí, inú àpótí ló ń gbé. Èyí tí mò ń ṣe, pátákó pẹlẹbẹ lásán ni: wọ́n dá ihò sí i, wọ́n de sípíkà mọ́ ihò náà, ó fi ẹsẹ̀ igi méjì dúró nílẹ̀, ó tán. Bí ohùn ṣe ń jáde níwájú rẹ̀ ló ń jáde lẹ́yìn rẹ̀. Orí fóònù ni mo ti rí i, níbi tí àwọn òyìnbó kan ti ń bá ara wọn jiyàn. Àwọn kan ní kò sí ohun tó dára tó o ní owó pọ́ọ́kú, àwọn kan ní ẹ̀tàn ni. Mo sọ fún káfíńtà pé mo fẹ́ mọ èwo nínú wọn ló ń purọ́.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ gan-an ni ohùn ìyàwó mi.

Ó lọ bá ọmọ wa obìnrin tọ́jú ọmọ ìkókó nílùú òyìnbó. Oṣù díẹ̀ la jọ sọ. Ọmọ náà hu eyín, ó rá, ó rìn, ìyá rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè fọmọ sílẹ̀ fún, ni ìyàwó mi bá wà níbẹ̀. Bí mo bá bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀, á ní, "Dádì, ó ku díẹ̀." Mi ò lè bínú sí ọmọ mi, ká má tiẹ̀ wá sọ ti ọmọ ọmọ mi, torí náà ńṣe ni mò ń dá bínú kiri inú pálọ̀. Ilé tí a rò pé ariwo ọmọ ọmọ máa kún, ìró fíríìjì nìkan ló kù níbẹ̀.

Kì í ráyè pè mí tó bó ṣe yẹ. Ó máa ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù, á sì fi ránṣẹ́ sí mi nígbà tó bá ń dáná tàbí tí ọmọ bá sùn. Ọ̀rọ̀ gígùn ni, bí a ṣe máa ń sọ ọ́ nílé. Ṣùgbọ́n ẹnu fóònù kéré. Obìnrin tó máa ń pè mí láti ilé ìdáná tí mo sì ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu géètì, fóònù sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n tì mọ́nú agolo mílíìkì. Mo fẹ́ gbọ́ ọ nínú ilé rẹ̀, bó ṣe máa ń dún nínú ilé rẹ̀. Mi ò wá nǹkan mìíràn.

Ọjà Ṣàngótẹ̀dó ni mo ti ra sípíkà méjèèjì, lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta àlòkù ẹ̀rọ. Ara rédíò onígi àtijọ́ ni wọ́n ti tú wọn, bébà ojú wọn fúyẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ní kí n má rà wọ́n.

"Daddy, this one no get bass o."

Mo ní ìyàwó mi náà ò ní bass. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yé e.

Nígbà tí mo gbé pátákó méjèèjì délé, tí mo de sípíkà mọ́ wọn, tí mo sì fi wáyà so wọ́n mọ́ fóònù mi láti ara ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn sókè, ara ògiri ni mo kọ́kọ́ gbé wọn tì, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà nìyẹn: àga, tẹlifíṣọ̀n, àlejò pàápàá, ara ògiri ni gbogbo wọn ń gbé. Ohùn náà dí, bí ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ohùn tó ń gba ẹ̀yìn jáde nílò àyè kó tó kan ògiri. Àfi kí pátákó kúrò lára ògiri, kó wá dúró síbi tí èèyàn máa ń gbà kọjá. Nínú ilé tó kún, kò ṣeé ṣe. Ọmọdé á taari rẹ̀ ṣubú, àlejò á fẹsẹ̀ kọ wáyà. Nínú ilé tèmi, ta ni yóò kọ lù ú? Tẹ́nikẹ́ni bá ń rò ó bóyá kóun ṣe irú rẹ̀, kó kọ́kọ́ ka iye èèyàn tó ń bá a gbé.

Ohun kan ṣoṣo ló dí mi lọ́nà, àga ìyàwó mi tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Mo ti sọ nínú ara mi pé kò sẹ́ni tó máa gbé àga yẹn kúrò títí yóò fi dé. Mo rìn yí i ká. Mo nu eruku ara rẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbé e wá sáàárín, kó kọjú sí pátákó méjèèjì, níbi tó yẹ kí ẹni tó ń gbọ́ jókòó sí, èmi náà sì jókòó sínú rẹ̀. Tìmùtìmù rẹ̀ ti tẹ̀ bí ara rẹ̀ ṣe rí, kò bá mi lára mu.

Orin ni mo fi kọ́kọ́ dán wọn wò. Ẹni tó bá fẹ́ kí béèsì máa mi àyà òun, kó má náwó rẹ̀ síbí. Ohùn ìsàlẹ̀ tó gba iwájú jáde àti èyí tó gba ẹ̀yìn jáde máa ń pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, wọ́n á sì pa ara wọn. Pátákó tó bá fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ló lè là wọ́n níjà, tèmi ò sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Igi náà tún ń gbọ̀n, àfìgbà tí mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbè é lẹ́yìn. Ẹ̀yìn tó ṣí sílẹ̀ tún ń gba eruku, ní agbègbè wa tí afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ irin bí ẹni jẹ búrẹ́dì, torí náà mo ń fi aṣọ ìró ìyàwó mi kan tó ti gbó bò ó. Ká ní ibẹ̀ ni mo dánu dúró sí, mi ò bá ti sọ fún káfíńtà pé òun ló jàre.

Mo wá fi ohùn ìyàwó mi sí i. Kò ti ara pátákó kankan jáde. Àárín wọn ló ti jáde, níbi tí kò sí nǹkan kan, ní ibi tí ẹnu èèyàn máa ń wà bó bá dìde dúró. Mo gbọ́ bó ṣe mí kó tó sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ìgbà tó fi ṣíbí lélẹ̀. Ó ń ṣàròyé tòmátò ibẹ̀ tí kò ládùn, ó wá ní, "Ẹ má fi ebi sùn o. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Mo ní mò ń gbọ́. Èmi àgbà yìí, mò ń dá pátákó lóhùn. Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún, ta ló ń wò mí?

Ó di àṣà mi lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìsinmi. Lọ́jọ́ kan, ooru mú, mo ṣí fèrèsé tó wà lẹ́yìn pátákó sílẹ̀ gbayawu. Ohùn ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni mo gbọ́ tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Àǹtí tó ń gbé ìsàlẹ̀ ni, aránṣọ tó ń rán sùtánà fún àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀, ìjọ aláṣọ funfun. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kò wọ bàtà, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, orí ìkúnlẹ̀ ló ti wà, pẹ̀lú abọ́ èso tí wọ́n pín fún un lẹ́yìn ìsìn.

"Mọ́mì, ẹ kú àbọ̀ o! Ẹ kú ewu ọ̀nà! Ah, Dádì, ẹ ò tiẹ̀ sọ fún wa! Ìsàlẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohùn Mọ́mì, mo ní ah, my mummy don land!" Ojú rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá sínú pálọ̀. "Mọ́mì dà?"

Ohùn tó gba ẹ̀yìn jáde ló gba ojú fèrèsé sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Ká ní inú àpótí ni, ọ̀dọ̀ mi nìkan ni ì bá mọ.

"Kò tíì dé," ni mo wí. "Sípíkà ni."

Ó wo pátákó, ó wo àga tó wà láàárín ilé, ó wá wò mí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra dìde, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Mo ní kó gbé èso rẹ̀. Ó ní Mọ́mì lòun gbé e wá fún, òun ò lè gbé e padà.

Nínú gbogbo àwọn òyìnbó tó ń jiyàn lórí fóònù, mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n kúnlẹ̀ kí sípíkà rẹ̀ kú àbọ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn. Kò dùn rárá. Mo pa fèrèsé dé, ilé sì dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó mi pè. Mo ní, "Wọ́n wá kí ọ kú àbọ̀ lónìí o," mo sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pátákó, fèrèsé àti abọ́ èso. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ariwo ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gbọ́.

"Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

Kò sọ pé ó ku díẹ̀. Ó ní, "Dádì, ọmọ yín tún ti lóyún."

Mo ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó sọ̀ ọ́ layọ̀. Ohun tí èèyàn ń sọ nìyẹn, mo sì sọ ọ́ tọkàntọkàn.

"Àǹtí ìsàlẹ̀ yẹn kí mi, mi ò sí nílé láti dá a lóhùn," ló wá wí, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀. "Ẹ bá mi gba èsì náà fún un. Ẹ kú ilé o, Dádì. Ẹ kú ilé."

Inú àga rẹ̀ ni mo wà. Mo ní, "Káàbọ̀," ojú mi sì wà lára ilẹ̀kùn.