Ohun Tí Mo Wá Ṣe Nílé Mi

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé inú ẹ́stéètì kan ní Lokogoma kí n tó di àlejò níbẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí mo di àlejò dáadáa. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò mi ti kú lójú ọ̀nà iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti ta òkú rẹ̀ fún mẹkáníìkì, mo sì fẹsẹ̀ rìn dé géètì pẹ̀lú àpò ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé léjìká. Ẹ̀ṣọ́ géètì, ọkùnrin Háúsá kan tó ti ń kan sáárá sí mọ́tò mi láràárọ̀ fún ọdún méjì gbáko, na ìwé ńlá kan sí mi, pẹ̀lú báírò tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọn. Ó ní kí n kọ ọ́.

Òfin ẹ́stéètì wa nìyẹn, n kò sì mọ̀ ọ́n torí pé kò kàn mí rí. Mọ́tò tó bá ní sítíkà á kọjá. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn á kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ilé tó ń lọ, àkókò tó wọlé àti ohun tó wá ṣe. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé ilé mi ni mò ń lọ. Ó ní òun gbọ́, kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo kọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti ní kí n sọ ohun tí mo wá ṣe, mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara pé mo wá sùn. Lọ́jọ́ kejì mo kọ pé mo wá se ẹ̀wà. Lọ́jọ́ kẹta, mo wá wo ojú ọmọ mi. Nígbà tó yá ó sú mi, mo wá ń ṣe bí àwọn yòókù tó ń fẹsẹ̀ wọlé ti ń ṣe: wọ́n á kàn fa ìlà kékeré méjì sábẹ́ ohun tí ẹni tó ṣáájú wọn kọ, ìyẹn ni pé ohun kan náà làwọn náà bá wá. Báyìí ni àkọsílẹ̀ fi hàn pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, mo wọ ilé mi wá tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, mo wá kó ìdọ̀tí, mo sì wá kí ara mi kú ewu ọmọ. Mo rẹ́rìn-ín títí. Tí kì í bá ṣe ti ìyá mi, ẹ̀rín náà ni ǹ bá ṣì máa rín.

Ìyá mi wá kí èmi àti ọmọ mi obìnrin láti ilé, lọ́nà Kàbà lọ́hùn-ún. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, síbẹ̀ ìsìn àárọ̀ kì í fò ó. Ó rí ṣọ́ọ̀ṣì kan lódìkejì títì, ó sì ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní ìdájí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹ̀ṣọ́ tó ṣí géètì fún un nígbà tó ń jáde ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ kó tó padà dé. Ẹ̀ṣọ́ tó ń kan sáárá sí mọ́tò mi ló bá níbẹ̀. Ó na ìwé sí i. Ìyá mi kò mọ̀wé kọ. Ó ní, "Okun o," bó ti máa ń kí gbogbo ayé, ìbáà yé wọn, ìbáà má yé wọn, ó sì ń fọwọ́ júwe ilé tí géètì rẹ̀ dúdú. Gbogbo géètì tó wà nínú ẹ́stéètì wa ló dúdú. Ẹ̀ṣọ́ pe nọ́ńbà mi tó wà nínú ìwé pélébé tí ìyá mi so mọ́ etí ìró rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti pa fóònù, torí mo ń ṣọ́ ìdánwò nílé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Durumi. Ọmọ mi náà ti lọ sílé-ìwé tirẹ̀. Bí ìyá mi ṣe jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ ẹnu géètì nìyẹn, láti aago méje àárọ̀ títí di aago méjì àbọ̀ ọ̀sán, tó ń wo mọ́tò tó ń kọjá.

Ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò náà gbé bàbá àgbàlagbà kan ládùúgbò wa, tí kò rántí orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn jíìpù ọmọ rẹ̀ ló jókòó sí, ẹ̀ṣọ́ sì kan sáárá sí i.

Nígbà tí mo dé, ìyá mi kò pariwo. Ó ní bí òun ṣe dàgbà tó yìí, kò sẹ́ni tó ti òun mọ́ta rí. Ó ní ọkọ̀ ilé ń gbéra lọ́jọ́ Sátidé, òun á bá a lọ, òun kò sì ní í tẹ ilé mi mọ́, àfi bí ẹni tó jẹ́ olórí níbẹ̀ bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ fún òun pé ohun tí wọ́n ṣe kò dáa. Mo mọ ìyá mi. Ó bínú sí àbúrò rẹ̀ kan rí, ọdún mọ́kànlá ló gbà kó tó tún tẹ ilé rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, torí n kò rò pé ọdún mọ́kànlá mìíràn wà nílẹ̀ fún un.

Mo gba ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé lọ. Bàbá Akọ̀wé ti jẹ́ ọ̀gá ní iléeṣẹ́ ìjọba kan kó tó fẹ̀yìn tì, iléeṣẹ́ náà kò sì tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí wọ́n ń kó fáìlì sí ló fẹ̀yìn ti ògiri pálọ̀ rẹ̀, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé tẹlifíṣọ̀n sí. Ó fún mi ní móòtì tútù, ó káàánú ìyá mi tọkàntọkàn, ó sì ní òun á gbé ọ̀rọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Kí n ṣáà kọ ìwé ẹ̀sùn wá ní Gẹ̀ẹ́sì, kí n fi àkọlé sí i. Ara àkọlé yẹn lòun á ti mọ fáìlì tó máa wọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ní fáìlì, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ní fáìlì, ajá tó ń gbó ní fáìlì mẹ́ta. Ohun tí kò bá lórúkọ, ó ní kò sí bí òun ṣe fẹ́ ṣí fáìlì fún un.

"Ẹ kọ 'tribalism', Tíṣà," ló wí, ojú rẹ̀ sì ń dán. "Háúsá ni ẹ̀ṣọ́, Yorùbá ni Màmá. Lọ́la gan-an la máa jókòó lé e lórí."

Ó wù mí kí n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú mi báyìí ló ṣe nígbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ṣọ́ náà, ọmọ ìyá rẹ̀, fẹsẹ̀ rìn wá láti ibùdókọ̀ pẹ̀lú àpò lórí, tí ẹ̀ṣọ́ sì ní kó kọ ohun tó wá ṣe. Ọkùnrin náà kọ ọ́ pé òun wá kí ẹ̀ṣọ́. A yẹ ti ẹ̀sìn wò. Ìmáàmù mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà láàárín wa ń gbé lóde ẹ́stéètì, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló ń kọ ìwé náà lójúmọ́. Ti ọjọ́ orí ńkọ́? Bàbá inú jíìpù ti já ìyẹn nírọ́. Bàbá Akọ̀wé wá wò mí bí ẹni tó bọ́ sọ́wọ́ dókítà pẹ̀lú àìsàn tí kò sí nínú ìwé. Ó ní kí n lọ wá orúkọ rẹ̀ wá.

Ojú tì mí. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mọ́kàndínlógún, n kò mọ ohun tí òyìnbó ń pè é bí wọ́n bá fojú ẹni tí kò ní mọ́tò gbolẹ̀.

Lọ́jọ́rú, mo gbé e dé yàrá àwọn olùkọ́ ní Durumi. Èyí tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ ìjọba ní "classism" ni. Mo gbé e padà tayọ̀tayọ̀. Bàbá Akọ̀wé wọ dígí, ó ní kò lè dúró: ilé oníyàrá mẹ́ta ni gbogbo wa ń gbé, a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ni, ta ló wá ga ju ta lọ? Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, olùkọ́ jọ́gíráfì fún mi ní "pedestrianism". Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, mo rí i pé ohun tí wọ́n ń pe eré ìje ẹlẹ́sẹ̀ láyé àtijọ́ nìyẹn. Ọmọ mi bi fóònù rẹ̀ léèrè. Fóònù kọ́kọ́ yìn mí pé ìbéèrè mi dára púpọ̀, ó wá to ọ̀rọ̀ mọ́kànlá sílẹ̀ tí ìwé atúmọ̀ èdè mi kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Ọmọ náà ní, "Mummy, just say they were rude now." Mo jágbe mọ́ ọn pé ìyẹn kì í ṣe àkọlé.

Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ náà, mo kọ ìwé ẹ̀sùn náà, mo fi ibi àkọlé sílẹ̀ lófìfo. Ìpínrọ̀ kẹta ni mo ti ní kí wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ náà dúró lẹ́nu iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ dùn, kí n má parọ́. Mo kà á fún ara mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ìpàdé pàjáwìrì láti wá àkọlé fún ìwé mi wáyé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nínú gbọ̀ngàn tó wà láàárín ẹ́stéètì. Kò sí ilé tó jìnnà síbẹ̀ ju igba ẹsẹ̀ bàtà lọ, síbẹ̀ mọ́tò ni gbogbo wọn gbé wá. Àyè kò gbà wọ́n, ọkùnrin méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà nítorí ibi tí wọn yóò gbé mọ́tò sí. Èmi nìkan ni mo fẹsẹ̀ rìn dé, èmi nìkan náà sì ni wọ́n bi bóyá mo wá fún ìpàdé.

Wákàtí méjì ni wọ́n fi wá ọ̀rọ̀. Ẹnì kan mú "gateism" wá, lọ́yà kan sì ní kò sí i nínú òfin ilẹ̀ yìí. Ìyá kan béèrè bóyá ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere wà lára àwọn tí wọ́n ń fìyà jẹ, wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ kékeré láti yẹ ti kẹ̀kẹ́ wò. Níkẹyìn, wọ́n dìbò, "vehicular insensitivity" ló wọlé. Bàbá Akọ̀wé fi máákà kọ ọ́ sí ojú fáìlì tuntun, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni tó gboyè. Ní gbogbo wákàtí méjì náà, kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan ìyá mi. Mo dìde, mo béèrè ìgbà tí ẹnì kan yóò wá bẹ̀ ẹ́, torí àárọ̀ ọ̀la lọkọ̀ rẹ̀ ń lọ. Bàbá Akọ̀wé ní kí n ṣe sùúrù, òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fáìlì, ó ṣì máa rìn díẹ̀. Mo jáde, mo sì sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù ẹlòmíràn.

Mo gba géètì jáde lọ ra búrẹ́dì tí ìyá mi máa mú dání. Ẹ̀ṣọ́ dá mi dúró. Ó ti gbọ́ nípa ìpínrọ̀ kẹta, kò sì bẹ̀ mí. Ó ní, "Madam, na your motor I sabi. Two years, you no wind glass down one day. I no sabi your face, how I go come sabi Mama own?"

Òótọ́ ni. Gíláàsì dúdú ni mọ́tò mi ní, ẹ̀rọ amúlétutù á sì máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Èmi tí mo rò pé èmi ló ń kan sáárá sí, n kò tíì dá a lóhùn rí. Ọjọ́ yẹn ni mo tó rí i pé ó ní èjí. Lẹ́yìn náà, mo lọ bẹ Bàbá Akọ̀wé pé kó bá mi yọ ìpínrọ̀ kẹta, ó ní ìwé tó bá ti wọ fáìlì kì í jáde, àfi kí n kọ òmíràn, kí n fi àkọlé sí i. Oore tí Ọlọ́run ṣe ni pé fáìlì náà kò rìn títí dòní.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi béèrè bóyá wọ́n ti rí orúkọ ohun tí wọ́n ṣe fún òun. Mo pè é fún un. Ó ní kí n tún un pè.

Ó ní, "Ta ló ṣe é?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó ṣe é, Màmá. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn."

Ó padà sídìí aṣọ tó ń ká.

Kí aago méje tó lù láàárọ̀ Sátidé, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀ṣọ́ ni. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni, jalamíà funfun ló wọ̀, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ìyá mi ti ń di ẹnu àpò rẹ̀. Ọkùnrin náà lóṣòó níwájú rẹ̀, ó ní, "Okun, Mama." Ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló ti kọ́ ọ, lọ́jọ́ tó ti ìyá mi mọ́ta. Ó wá ń bẹ̀ ẹ́ ní Háúsá àti Píjìn pọ̀, ó ní òun ní ìyá nílé.

Ìyá mi wò ó títí. Mo yára sọ fún un pé kì í ṣe olórí ló wá o, pé olórí ṣì ń bọ̀. Ó ní, "Ẹni tó tì mí mọ́ta ló wá yìí. Kí ni mo tún fẹ́ fi olórí ṣe?" Ó tú ẹnu àpò rẹ̀, ó ní kí n gbé àga fún àlejò òun, kí n po ògì. Ó wá bi mí ìdí tí mo fi dúró gbagidi bí ẹni tí kò mọ ọkùnrin náà rí.

Mo jáde lọ ra àkàrà. Nígbà tí mo padà dé, ẹ̀ṣọ́ kejì na ìwé sí mi. Ẹnì kan péré ló ti kọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Orúkọ ẹ̀ṣọ́ wa ló wà níbẹ̀. Òun náà fẹsẹ̀ wá, kò wọ aṣọ iṣẹ́, ẹnì kejì rẹ̀ sì ní kó kọ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣọ́. Nọ́ńbà ilé mi ló tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà àkókò tó wọlé. Níbi ohun tó wá ṣe, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: SORRY.

Mo dúró síbẹ̀, àkàrà ń jó mi lọ́wọ́. Ẹ̀ṣọ́ kejì béèrè bóyá báírò kò kọ ni. Mo ní ó ń kọ. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ nọ́ńbà ilé mi, mo kọ àkókò. Nígbà tí mo dé ibi ohun tí mo wá ṣe, mo fa ìlà kékeré méjì sábẹ́ tirẹ̀, mo sì wọlé.