Fáànù Tí Mo Mú Dákẹ́

Mo rántí ìgbà tí fóònù mi dún lápò, tí èmi àti àwọn ìyá ọlọ́mọ mìíràn tò sórí bẹ́ǹṣì nílé ìwòsàn, tí a ń dúró de abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ mi kò tíì pé oṣù mẹ́wàá nígbà náà. Mò ń fi ọwọ́ kan nu itọ́ ẹnu rẹ̀, mo fi èkejì gbé fóònù. Ọ̀gá mi ni. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ìyá Ọmọ, kọ̀ǹpútà ńlá ti kú o. Ó kàn kú lójú mi báyìí ni, kò sì jí mọ́. Mo ti pe ẹ̀ńjiníà. Tí wọ́n bá ti fún ọmọ lábẹ́rẹ́ tán, kó o máa bọ̀." Mo ní, "Mò ń bọ̀, mà." N kò lè sọ pé ó yà mí lẹ́nu.

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ìlódè ni mo ti ń ṣiṣẹ́. À ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tẹ ìwé àṣekágbá wọn, à ń ṣe káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ìkéde òkú. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ka ìwé mọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yá, òun ló jẹ́ kí ọ̀gá gbà mí. Nígbà tí mo bímọ, kò sí ẹni tí yóò bá mi dì í mú. Ìpetumodù ni ìyá mi ń gbé, oko ni bàbá ọmọ sì ń lọ láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀gá ní kí n máa gbé e bọ̀. Mo tẹ́ ẹní sí àárín tábìlì àti ògiri, ẹ̀gbẹ́ àpótí ẹ̀rọ ńlá gan-an, ibẹ̀ ni ọmọ ń sùn sí. Ohun kan ṣoṣo ni ọ̀gá bá mi sọ: "Mo fẹ́ràn ọmọ o, ṣùgbọ́n oníbàárà kì í fẹ́ràn igbe. Ọjọ́ tí ẹkún ọmọ yìí bá lé ènìyàn kan jáde níbí, ilé ni kó ti máa sùn." Ilé wo? Ọjọ́ tí ọmọ bá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, èmi náà ti kúrò nìyẹn.

Kì í ṣe ebi ló ń jí ọmọ mi, kì í sì í ṣe ẹ̀fọn. Fáànù ni. Nínú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, fáànù kékeré kan wà tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ibi tí ẹ̀rọ fi ń ronú, nítorí pé ibẹ̀ máa ń gbóná. Tiwa ti gbó. Bí a bá ti ṣí iṣẹ́ àwòrán báyìí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Ọmọ á ta gìrì, á na apá méjèèjì sókè bí ẹni tó ń já bọ́, ẹkún á sì bẹ̀rẹ̀. Èmi á máa fi ẹnu kọrin, ọwọ́ mi á sì máa tẹ ìwé onímọ̀ kan lórí àrùn kòkó.

Ẹ̀ńjiníà wa jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tó ń ti Edunabon wá ní ọjọ́ Sátidé. Bó bá dé, kì í wo ojú kọ̀ǹpútà rárá. Yóò tú ìdérí àpótí, yóò sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ irin inú rẹ̀, bí ìyá ṣe ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi dín ariwo náà kù. Ó ní, "Iṣẹ́ ló ń ṣe. Jẹ́ kó máa pariwo." Mo rẹ́rìn-ín nínú. Mo ní ayé ti kọjá ibi tí a ti ń fọwọ́ wo ìbà fún ẹ̀rọ. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Èmi pe àgbà ní wèrè, inú mi lọ́hùn-ún ni mo sáà ti pè é.

Mo wá ọ̀nà àtidín ariwo náà kù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní dẹ́rẹ́bà kan wà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá. Ó ní, "Dẹ́rẹ́bà? Ta ló fẹ́ wa kọ̀ǹpútà lọ sí Ìbàdàn?" Mo ṣàlàyé pé ètò kékeré kan tí a ń gbé sínú ẹ̀rọ ni, tí yóò máa sọ bí inú rẹ̀ ṣe gbóná tó, tí yóò sì jẹ́ kí a lè pàṣẹ fún fáànù. Ó ní, "O káre. Má sáà ba nǹkan jẹ́ fún mi." Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí olúkúlùkù mú èyí tó bá bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ rẹ̀ mu, ìyẹn pátákó tí gbogbo nǹkan inú ẹ̀rọ so mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ka orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú àpótí, mo mú ti orúkọ yẹn. N kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Nọ́ńbà jáde lójú kọ̀ǹpútà: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ara ẹ̀rọ tutù! Mo dín fáànù kù, ṣọ́ọ̀bù sì pa rọ́rọ́. Ọmọ sùn títí oúnjẹ ọ̀sán fi jinná. Ọ̀gá yọjú, ó ní, "Ìyá Ọmọ, àṣé o gbọ́n tó báyìí!" Orí mi wú. Láti ọjọ́ náà, mo ń wo nọ́ńbà yẹn láràárọ̀ bí ẹni ń wo dígí. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní àárọ̀, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní ọ̀sán. Ọyẹ́ lọ, ooru dé, àwa fúnra wa ń fi páálí fẹ́ ara wa, mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà ni. Ẹni tó lọ́gbọ́n ì bá ti fura sí aláìsàn tí ara rẹ̀ kì í gbóná, tí kì í sì í tutù. Èmi ń yangàn ni. Nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra rẹ̀, mo ní iná ìjọba ni kò dára.

Bí mo ṣe dé láti ilé ìwòsàn, wọ́n ti tú àpótí náà sílẹ̀. Òórùn ike tó jó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá dúró lé ẹ̀ńjiníà lórí.

"Bọ́ọ̀dù jákujàku tẹ́ ẹ gbé fún mi náà rèé! Èmi ti mọ̀ pé ẹ máa rẹ́ mi jẹ."

"Màámi, nǹkan kan ò ṣe bọ́ọ̀dù yìí nígbà tí mo gbé e sí i. Mo sì sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn pé kì í ṣe irú ti orúkọ ara àpótí. Tòkunbọ̀ ni, láti ara ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ ní kò séwu."

Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Wọ́n ti pààrọ̀ bọ́ọ̀dù kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tí mo mú ń ka ooru níbi tí kò sí ohun tó ń wọ̀n ọ́n. Ohun kan náà ni yóò máa sọ títí ayé, bí inú ẹ̀rọ tilẹ̀ ń jó. Èmi náà ọmọ ìlú yìí, tí mo mọ̀ pé bí a ti ń tún ẹ̀rọ ṣe níbí, orúkọ ara àpótí kì í ṣe ẹ̀rí ohun tó wà nínú rẹ̀!

Ẹ̀ńjiníà gbójú sókè. "Ta ló dín fáànù yìí kù?"

"Ta ló máa dín in kù? Ẹ má wá ẹni tẹ́ ẹ máa dì í rù," ni ọ̀gá dáhùn.

Bàbá wò mí. Ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn mi. Mo so ọ̀já ọmọ le sí i. Ẹní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni mò ń rò. Ọ̀gá ní bàbá náà kò gbọdọ̀ tẹ ṣọ́ọ̀bù òun mọ́. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jáde.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo dé ṣọ́ọ̀bù ṣáájú ọ̀gá. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní kí n pe bàbá náà lórí fóònù. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún un, ó ní, "Mo ti mọ̀ láti àná." Mo ní kí ló dé tí kò fi sọ. Ó ní, "Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ." Ọ̀gá gba fóònù, ó tọrọ àforíjì, bàbá sì padà wá tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ní èmi lè máa bọ̀, ọmọ kò gbọdọ̀ bọ̀ mọ́. Mo ká ẹní mi. Bí mo ṣe fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nìyẹn.

Ilé ni mo ti ń tẹ ìwé báyìí, ọmọ náà sì ti wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìjà kò sí láàárín èmi àti ọ̀gá. Láìpẹ́ yìí, ó pàdé wa lójú ọ̀nà, ó fa ọmọ létí, ó ní, "Ẹ wo ẹni tí oorun rẹ̀ pa kọ̀ǹpútà mi!" Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí a délé, tí mò ń bá a tú okùn bàtà rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ṣé èmi ni mo pa á lóòótọ́?"

Mo ní, "Ìwọ kọ́. Ìwọ sùn ni, ohun tí ọmọ ọwọ́ ń ṣe nìyẹn. Èmi ni mo pa á. Mo sì jẹ́ kí wọ́n bú bàbá kan nítorí rẹ̀, mo dúró, mò ń wò ó."

Ó ronú díẹ̀. "Ṣé bàbá náà bínú sí yín?"

Mo ní n kò mọ̀. Mo ní ẹ̀rù bà mí láti bi í.